Ilé Onírẹsì Tí A Kò Rà

Nígbà tí ìjọba ti bodè, ilé títà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ilẹ̀ Yewa bí olú ìgbà òjò. Láti Ìdí-Ìrókò títí wọ Ìlaròó, ara fẹ́ńsì tí wọ́n ti kọ ọ́ sí gàdàgbà tẹ́lẹ̀ pé "Ilé yìí kì í ṣe títà" náà ni wọ́n tún wá fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà fóònù sí, kí ẹni tó bá fẹ́ rà á lè pè. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ojú kan náà ni èèyàn yóò ti kà á pé ilé náà kì í ṣe títà, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti rí nọ́ńbà ẹni tó ń tà á.

Èmi kò káàánú àwọn onífàyàwọ́ ìrẹsì tó ń ta ilé wọn. Ó yẹ kí n sọ ìyẹn kí n tó sọ ohun mìíràn. Aránṣọ ni mí, ẹ̀gbẹ́ ọjà ní Ìlaròó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, èmi ni mo sì ń ránṣọ fún púpọ̀ nínú ìyàwó àwọn onífàyàwọ́ ìrẹsì wọ̀nyẹn. Nígbà tí ọjà ń tà fún ọkọ wọn, wọn kì í sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Wọn á fọn fèrè títí n ó fi fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí n ó jáde lọ bá wọn nínú oòrùn, wọn á sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀, wọn á na aṣọ sí mi bí ẹni ń ju egungun fún ajá. Àwọn ọkọ wọn kò gbin ìrẹsì rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ bóyá orí igi ló ń so tàbí abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á. Gbogbo iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n tú ìjókòó inú mọ́tò kúrò, kí wọ́n kó àpò sí i títí dé òkè, kí wọ́n sì máa sá eré àsápajúdé gba inú oko olóko. Ewúrẹ́ tí wọ́n pa kò lóǹkà. Wọ́n wá ń pe ara wọn ní oníṣòwò.

Ṣùgbọ́n ilé ni èmi àti ọkọ mi náà ń wá. Yàrá méjì la háyà nígbà náà lọ́dọ̀ bàbá ahun kan tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ láti mọ iye garawa omi tí a fà nínú kànga rẹ̀. Bàbá náà pè wá lọ́jọ́ kan, ó ní ọmọ òun ọkùnrin fẹ́ gbéyàwó, yàrá wa ni òun fẹ́ fún un, kí a máa wá ibòmíràn lọ kí ọdún tó parí. A ní ilẹ̀ kan lọ́nà Ayétòrò tí a ti rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kan, ó ti pẹ́. Ẹ̀gẹ́ ni mo gbìn sí i. Lọ́dọọdún ni ọkọ mi máa ń sọ pé tó bá di ọdún tó ń bọ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀. Lọ́dọọdún ni mo sì máa ń wa ẹ̀gẹ́ mi, tí n ó tún tún un gbìn.

Ọkọ mi ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ni àwọn ọmọkùnrin tó ń fi ọ̀kadà gbé ìrẹsì gba inú igbó, torí náà nígbà tí bodè tì, tí àwọn aṣọ́bodè dí gbogbo ọ̀nà, ọjà rẹ̀ dákẹ́ lọ gbári. Táyà ń gbẹ lórí ìkọ́. Ó ń jí láàárọ̀, ó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ń nu eruku, ó ń tì í. Ẹ̀rù bà á. Ọkùnrin tí ẹ̀rù bá bà kì í fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun, ohun tó ti parí tí ó lè fi ojú rí ló máa ń wù ú. Ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti rí i mú nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí kò ní iṣẹ́ kan pàtó láyé rẹ̀ tí mo mọ̀. Nígbà tí bodè ṣì wà ní ṣíṣí, ó máa ń dúró sí àárín onírẹsì àti ẹni tó fẹ́ gba ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bá méjèèjì sọ̀rọ̀, ó ń jẹ lọ́dọ̀ méjèèjì. Nígbà tí bodè tì, kò tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó fi di ejẹ́ǹtì ilé. Ó ra báàgì aláwọ̀ kan tí ó máa ń há sí abíyá. Mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ títí dòní. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló wá bá wa, ó jókòó, ó mu omi, ó sì yíjú sí mi.

"Ìyàwó wa," ó ní, "Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà yín."

"Èwo nínú rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ilé! Ilé kan wà ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, kí èèyàn tó wọ Ìdí-Ìrókò. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Táìlì láti ilẹ̀ dé ògiri. Ẹni tó ni ín ti bọ́ sí òdìkejì bodè, ó wà ní Àjáṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ò tó ẹnu mọ́. Ohun tí ẹ ó fi kọ́ yàrá méjì ló fẹ́ gbà."

Ọkọ mi ti nà ró lórí àga. Mo bi wọ́n pé ilẹ̀ wa ọ̀nà Ayétòrò ńkọ́.

"Ilẹ̀ wo?" Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń kọ́lé lákòókò yìí? Ẹ ra sìmẹ́ńtì, bíríkìlà á jí i. Ẹ ra igi, káfíńtà á gé e kúrú. Ẹ ó parí òrùlé tán, ọmọ onílẹ̀ á dé pé ẹ ò tíì fún àwọn ní ti òrùlé. Èèyàn ń kọ́lé, ilé ń kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Òwe náà kò bá ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ tan, ṣùgbọ́n irú Ẹ̀gbọ́n yìí kì í ro òwe kó tó pa á. Síbẹ̀, mi ò lè sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo ti rí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ di igbó. Mo ní kò burú, a ó lọ wò ó.

Ọjọ́ tí a lọ, mo gbé oúnjẹ dání nínú kúlà kékeré nítorí mo mọ̀ pé ọ̀nà ti di ọ̀nà ìyà. Àwọn ilé epo tó wà nítòsí bodè kò rí epo tà mọ́, mọ́tò ò pọ̀, ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró wò sì pọ̀ ju abúlé lọ. Níbì kan lẹ́yìn Owódé, ọ̀kan nínú àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò ní kí n ṣí kúlà mi. Mo ṣí i. Ìrẹsì àti ẹ̀wà tí mo sè pọ̀ ló wà níbẹ̀.

"Ìrẹsì ibo nìyí, Màmá?"

"Ìrẹsì ọ̀fadà ni. Ìpínlẹ̀ Ògùn yìí náà ni wọ́n ti gbìn ín."

Ó tẹ orí bọ̀ ọ́, ó gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni ń wádìí ọ̀ràn, ó wá ní kí a máa lọ. Ẹ̀gbọ́n tó jókòó níwájú ti ń kí i ní ọ̀gá, ọ̀gá, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni rí ọmọ ìyá rẹ̀. Mo dé kúlà mi padà. Gbogbo ìrẹsì tó ti kọjá lójú ọ̀nà yẹn láyé, tèmi tó wà nínú kúlà ni wọ́n wá rí bi léèrè.

Ilé náà rèé. Kìnnìún méjì tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ jókòó sórí òpó géètì. Etí ọ̀kan ti já, èkejì ya ẹnu bí ajá tí eyín ń dùn. Géètì jẹ́ aláwọ̀ wúrà tó ti ń bó, ìpẹtà sì ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Òpó mẹ́rin ló dúró níwájú ilé, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn débi pé èèyàn kan kò lè fi ọwọ́ yí i ká, ohun tí wọ́n sì gbé rù kò ju páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lọ. Mo dúró wò ó. Mo ti rí obìnrin tó wọ ìlẹ̀kẹ̀ tó wúwo ju ọrùn rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ilé bẹ́ẹ̀.

Ìyá arúgbó kan ló ṣílẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ kò ríran tó mọ́, ọwọ́ ló fi ń wá ojú wa. Ìyá ẹni tó ni ilé ni.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé Àjáṣẹ́ lẹ ti ń bọ̀? Ẹ rí ọmọ mi?"

"A rí i, Màmá," ni Ẹ̀gbọ́n dáhùn kíá. "Ara rẹ̀ le. Ó ní ká kí yín gidigidi."

"Alhamdulilahi. Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun dáadáa."

Màmá fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi wá fún wa, ó ń ṣàdúrà bó ṣe ń bọ̀. Mo wo Ẹ̀gbọ́n. Kò wò mí. Nínú ọkọ̀ ló ti sọ fún wa pé gbogbo ìdílé ti fẹnu kò láti ta ilé náà, pé inú wọn dùn sí i. Kí ló dé tí ìyá yìí ń gbé omi fún wa bí àlejò tó mú ìròyìn ọmọ wá? Mo fẹ́ bi í, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹ́jú sí ọkọ mi pé kí a yí ilé ká.

A yí i ká. Nínú pálọ̀, iná olówó ńlá kan rọ̀ dirodiro láti òkè àjà bí ìdì ẹyìn, bẹ́ẹ̀ kò sí iná ìjọba ládùúgbò náà láti ọjọ́ pípẹ́. Ilé ìdáná kéré débi pé bí mo bá yí ọmọorógùn, ìgúnpá mi á kan ògiri. Ọkùnrin ló ya àwòrán ilé yẹn, ẹni tí kò ro ọkà rí ni. Lẹ́yìn, ní ìsàlẹ̀, a rí yàrá mẹ́ta tí kò ní fèrèsé kankan. Mo bèèrè ẹni tí wọ́n kọ́ ọ fún.

"Ibi ìkẹ́rù ni," Ẹ̀gbọ́n ní. "Ẹ lè máa kó àwọn ọmọ sí i."

Ìrẹsì ló ń sùn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wóró rẹ̀ ṣì wà ní igun, ìgbẹ́ eku sì wà lára rẹ̀, òórùn bẹntiróòlù ń jáde lára ilẹ̀. Mo fi èékánná họ ògiri lábẹ́ ibi tí wọn kò kùn, iyanrìn gbígbẹ sì ń dà wàràwàrà sí mi lẹ́sẹ̀. Aṣọ tí wọ́n bá kánjú rán, inú là ń yí síta ká tó mọ̀. Mo pe ọkọ mi kó wá wò ó. Kò gbọ́. Ó wà ní pálọ̀, ó fa okùn ìwọnlẹ̀ kan yọ tí mi ò mọ̀ pé ó gbé dání, ó ń wọn ògiri, ó ń fọwọ́ pa táìlì lára bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ọkùnrin tó bá mi jẹun láàárọ̀ yẹn ti ń rí ara rẹ̀ lẹ́yìn géètì kìnnìún.

Bí a ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn tí obìnrin kan fi gba ẹ̀yìnkùlé wọlé pẹ̀lú agbada gàrí lórí. Mo mọ̀ ọ́n lójú kan náà. Ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń fọn fèrè ni. Kò sí gíláàsì mọ́tò níwájú rẹ̀ mọ́, oòrùn ti sọ ọrùn rẹ̀ di dúdú, ìka ọwọ́ rẹ̀ sì ti le. Òun náà mọ̀ mí, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ọ́. Ó wo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ta lẹ̀ ń wá?"

"Ọ̀rẹ́ ọkọ yín ni wá," Ẹ̀gbọ́n ní. "A ní ká yà kí Màmá."

Obìnrin náà wo ọkọ mi tó na okùn ìwọnlẹ̀ sára ògiri.

"Ṣé ògiri yẹn ni Màmá?"

Ọkọ mi ká okùn náà jọ. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín rẹ̀, mo sì mọ̀ pé irọ́ mìíràn ló ń bọ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn obìnrin yẹn. Bí wọ́n bá ní kí n dárúkọ ẹni tí mi ò fẹ́ rí, òun ì bá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè dúró sínú ilé ẹni kan kí n máa díye lé e lẹ́yìn rẹ̀.

"A wá wo ilé tí wọ́n ní ẹ fẹ́ tà ni," mo ní.

"Ta ló fẹ́ tà á?"

"Ọkọ yín. Ẹ̀gbọ́n wa yìí ló ń bá a wá ẹni tí yóò rà á."

Ó rọra sọ agbada náà kalẹ̀, gàrí kankan kò dà. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kúkúrú tí kò dé ojú.

"Mo ti fura," ó ní. "Àwọn kan wá lọ́jọ́sí, wọ́n láwọn fẹ́ tún iná ṣe. Wọn ò fọwọ́ kan wáyà kan. Yàrá ni wọ́n ń kà. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti sá kọjá bodè, kò pè mí. Ìyá rẹ̀ ń retí, mò ń bá a retí. Nígbà tí a ń kọ́ ilé yìí, oyún àkọ́bí wà nínú mi, èmi ni mò ń pọn omi tí wọ́n fi ń po sìmẹ́ńtì. Kò tíì sí mọ́tò nígbà yẹn. Aṣọ mi ni mo tà tó fi gbé ìrẹsì àkọ́kọ́." Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀yin ni aránṣọ, àbí?"

"Èmi ni."

"Ẹ ṣé. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ la ẹnu sọ ọ́ fún mi."

Ohùn Màmá jáde láti iwájú. "Kí ni wọ́n ń wí? Ṣé ọmọ mi ránṣẹ́ ni?"

Obìnrin náà fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ó dáhùn. "Ó ní kí ẹ má ṣèyọnu, òun ń bọ̀."

Nígbà tí a wọ ọkọ̀ padà, Ẹ̀gbọ́n kò lè mú un mọ́ra. Ó ní mo ti ba ọjà jẹ́, pé kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ ọkọ àti ìyàwó, pé ọkùnrin ló ni ilé, orúkọ ọkùnrin ló wà nínú ìwé. Mo retí kí ọkọ mi sọ̀rọ̀. Ìgbà tí a kọjá Òkè-Ọ̀dàn ló tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Bí a kò bá rà á," ó ní, "ẹlòmíràn á rà á."

"Kí ẹlòmíràn náà máa gbọ́ àdúrà Màmá nínú pálọ̀," mo ní. "Èmi ò ní gbọ́ ọ."

"Àánú obìnrin yẹn ló ń ṣe ọ́? Ìwọ tó o ń bú wọn lójoojúmọ́?"

"Mo ṣì ń bú wọn. Ọkọ rẹ̀ ni mò ń bú báyìí, ìwọ náà sì fẹ́ wọ bàtà rẹ̀."



Ẹ̀gbọ́n kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Ó kó ẹjọ́ mi lọ sí agboolé wọn, wọ́n sì ránṣẹ́ pè mí. Àwọn àgbà jókòó, Ẹ̀gbọ́n ń rojọ́, báàgì wà lábíyá rẹ̀. Ó ní èmi ni mò ń darí àbúrò òun, pé obìnrin kò gbọdọ̀ yan ilé fún ọkùnrin. Bàbá tó dàgbà jù nínú wọn bi mí léèrè ohun tí mo rí lára ilé náà tí mi ò fẹ́ ẹ. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ bó ṣe rí, láti orí kìnnìún dé orí ìyá arúgbó.

"Ṣé ọkọ rẹ lè dá ra ilé náà?" ni Bàbá bi mí.

"Kò lè dá rà á, Bàbá. Àfi bí a bá pa tèmi pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Tèmi kò sì ní wọ inú ilé yẹn. Bí ẹ bá rí ìyàwó mìíràn tó lè dáná nínú ilé ìdáná tí kò gba ìgúnpá, kí ẹ bá a fẹ́ ẹ, kó máa gbé ibẹ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó bi Ẹ̀gbọ́n bóyá òótọ́ ni pé ó sọ fún ìyá ọlọ́mọ pé òun rí ọmọ rẹ̀, nígbà tí kò rí i. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí iṣẹ́ ejẹ́ǹtì ṣe rí. Bàbá dìde láàárín àlàyé, ó ní òun fẹ́ lọ kírun. Bí ìpàdé náà ṣe parí nìyẹn.

Mo wa ẹ̀gẹ́ mi lọ́nà Ayétòrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì gbó tán. Mo wá bíríkìlà kan. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ nípa bíríkìlà kì í ṣe irọ́: ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mi ò sí níbẹ̀, iyanrìn tó po mọ́ sìmẹ́ńtì pọ̀ débi pé búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ń fọ́ lọ́wọ́ ẹni bí àkàrà àná. Mo ní kó tún un ṣe. Ó ní báwọn ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, pé obìnrin ò mọ̀ nípa ilé. Mo fún un lésì tó tọ́ sí i, mo sì lé e lọ, mo pe ẹlòmíràn. Láti ìgbà náà, mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ sábẹ́ igi kaṣú tó wà létí ilẹ̀ náà, ibẹ̀ ni mo ti ń ránṣọ àwọn oníbàárà mi tí mo sì ń wo ọwọ́ àwọn bíríkìlà. Àwọn tó ń lọ sí oko ń dúró kí mi. Àwọn mìíràn ń rẹ́rìn-ín mi, wọ́n ní aránṣọ inú igbó. Ẹ̀gbọ́n gba ibẹ̀ kọjá lórí ọ̀kadà lẹ́ẹ̀kan, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ sí ìbàdí, ó wo ìpìlẹ̀ náà.

"Ilé adìyẹ lẹ fẹ́ kọ́ ni, Ìyàwó wa?"

"Ó tó bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Adìyẹ tó wà níbẹ̀ kò ní jí ilé ẹlòmíràn gbé."

Ọkọ mi kò yọjú. Á jẹun, á lọ jókòó ti táyà rẹ̀, á bọ̀. Mo ti ní kí ó máa ṣe é lọ. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń da kọnkéré sí ilẹ̀, mo gbójú sókè lórí aṣọ, mo rí i tó ń bọ̀ láti ojú ọ̀nà, ó ti bọ́ ẹ̀wù, ó mú ṣọ́bìrì kan dání. Kò kí mi, kò wò mí. Ó lọ síbi tí wọ́n ti ń po kọnkéré, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó di ọ̀sán mo gbé oúnjẹ fún un.

"Ilé ìdáná yìí mà tóbi o," ó ní, bó ti ń jẹun lọ. "Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju yàrá lọ."

"Ibẹ̀ ni mo máa ń wà ju inú yàrá lọ."

Ó mi orí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń wá lójoojúmọ́, nítorí kò kúkú sí ọjà níṣọ́ọ̀bù. Mi ò ní purọ́ pé ó bẹ̀ mí. Kò bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n òun ló gun òkè òrùlé pẹ̀lú káfíńtà, tí kò jẹ́ kó gé igi kankan kúrú.

Yàrá méjì, pálọ̀ kan àti ilé ìdáná ni a kó wọ̀ kí ọdún tó parí. A kò tíì rẹ́ ògiri, a kò ní àjà, a sì fi páànù dí ojú fèrèsé. Bí òjò bá fi ẹ̀gbẹ́ rọ̀, a máa ń sún bẹ́ẹ̀dì sí àárín. Onílé wa àtijọ́ kò tilẹ̀ kí wa pé ó dàbọ̀. Ó ń yẹ kànga wò bóyá a gbé okùn ìfami rẹ̀ lọ.

Ilé onírẹsì tà. Ọkùnrin kan tó fẹ̀yìn tì ní Èkó, tí kò mọ àdúgbò, ló rà á. Nígbà tó kó ẹrù rẹ̀ dé, ìyàwó onírẹsì jókòó sẹ́nu géètì lábẹ́ kìnnìún, kò dìde. Ọ̀rọ̀ náà dé ààfin, wọ́n sọ ọ́, wọ́n sọ ọ́, wọ́n wá ní kí ẹni tó rà á máa gbé iwájú, kí obìnrin náà, àwọn ọmọ àti Màmá máa gbé ẹ̀yìn títí wọn yóò fi rí ọkọ obìnrin náà. Ẹ̀yìn náà ni yàrá tí kò ní fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀ ti gba owó ejẹ́ǹtì rẹ̀. Ó ra báàgì mìíràn.

Bodè kò tíì ṣí nígbà tí Màmá kú. Obìnrin náà ránṣẹ́ sí mi, mo sì lọ síbi fídáù rẹ̀, èmi àti ọkọ mi. Ẹ̀gbọ́n náà ti wà níbẹ̀. Ìta ni a jókòó sí lórí ẹní. Àwọn ààfáà ń ka Kùránì. Ọmọ Màmá kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti ń pè é láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú. Nígbà tí wọ́n parí àdúrà, fóònù Ẹ̀gbọ́n dún, ó tẹ ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo èèyàn lè gbọ́, inú rẹ̀ ń dùn pé òun ni wọ́n pè.

"Ẹ bá mi kí gbogbo èèyàn," ni ohùn ọmọ Màmá ń wí nínú fóònù. "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ààfáà. Ó dùn mí dé ọkàn. Bí kì í bá ṣe bodè tó tì, ǹ bá ti dé. Ẹ sọ fún wọn, bodè ló tì."

Ìdajì àwọn tó jókòó síbẹ̀ ní ìbátan ní Ìgòló lódìkejì bodè, wọ́n ń gba ọ̀nà oko lọ síbẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ìyá kan tó jókòó tì mí, òdìkejì gan-an ló ti wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ní erùpẹ̀. Ọkùnrin tó ti kó ìrẹsì tó kún ilé gba inú igbó yẹn kọjá lóòjọ́, tí ó mọ gbogbo ọ̀nà rẹ̀ bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́, òun ló ń sọ fún wa pé òun kò rí ibi gbà wá sin ìyá òun.

"Ẹ gbọ́ bí?" Ẹ̀gbọ́n ní, ó ń wò wá kiri. "Bodè ni. Ọ̀rọ̀ ìjọba ni."

Obìnrin náà dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó gba fóònù lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n, ó gbé e sẹ́nu.

"A ti sin ín," ó ní. "Jókòó síbẹ̀."

Ó pa á, ó dá a padà fún Ẹ̀gbọ́n, ó sì bi àwọn ààfáà bóyá wọ́n ti rí omi mu.